PROFINET, EtherNet/IP àti Modbus TCP lórí láìnì kan ṣoṣo: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ_Àgbárá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ilé iṣẹ́ tí mo ti ń tọ́jú ẹ̀rọ ń ṣe ohun mímu sínú ìgò oníke. Ẹ̀rọ tó ń rọ ohun mímu sínú ìgò jẹ́ tòkunbọ̀ láti Jámánì. PLC Siemens S7-1500, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ, ló wà nínú rẹ̀, PROFINET ló sì fi ń bá àwọn drive (àpótí tó ń darí mọ́tò) àti sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Láìpẹ́ yìí wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun tó ń lẹ lébẹ́ẹ̀lì. PLC CompactLogix ti Allen-Bradley ló wà nínú ìyẹn, EtherNet/IP sì ni tirẹ̀. Mítà tó ń ka iná jẹnẹrétọ̀ àti iná ìjọba ń lo Modbus TCP.

Àwọn tó wá gbé ẹ̀rọ lébẹ́ẹ̀lì kalẹ̀ so gbogbo wọn mọ́ switch (àpótí tí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń pàdé) kan náà, títí kan kámẹ́rà tó ń yẹ lébẹ́ẹ̀lì wò. Láti ìgbà yẹn ni ẹ̀rọ ìrọgò ti ń dúró lójijì. PLC á ní òun ò rí drive kan mọ́, iná pupa á tàn, tí a bá tẹ reset, á tún máa lọ bíi pé nǹkan kan ò ṣe é. Kì í ṣe drive kan náà nígbà gbogbo. Ọ̀gá wa ní kí a sọ gbogbo ẹ̀rọ di protocol (èdè tí ẹ̀rọ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀) kan ṣoṣo kí wàhálà lè tán. Ṣé ó ṣeé ṣe? Ṣé ohun tó tọ́ láti ṣe nìyẹn?

Ẹ̀gbọ́n_Pánẹ́ẹ̀lì

Àbúrò, o kú wàhálà. Má tíì jẹ́ kí wọ́n náwó sórí ohun tí ọ̀gá yín sọ yẹn. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ló ti bá yín yan protocol. Ọjọ́ tó ti fi Siemens sínú rẹ̀ ni PROFINET ti bá a wá, ọjọ́ tí ẹnìkejì ti fi Allen-Bradley sí tirẹ̀ ni EtherNet/IP ti bá a wá. Tí ẹ bá ní ẹ ó yí i padà, ẹ ó pààrọ̀ PLC, ẹ ó pààrọ̀ drive, ẹ ó tún program kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó ta ẹ̀rọ fún yín ò sì ní dá yín lóhùn mọ́ lọ́jọ́ tí nǹkan bá yí.

Ohun tó yẹ kí o ṣàlàyé fún ọ̀gá yín ni pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè gba orí wáyà kan náà kọjá láìbá ara wọn jà. Ethernet, nẹ́tíwọ́ọ̀kì oníwáyà tí gbogbo wọn ń lò, kò mọ̀ ju bí packet (ìdì ìròyìn kékeré) ṣe máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Ohun tó wà nínú packet kò kàn án. PROFINET máa ń fi àmì tirẹ̀, 0x8892, sí iwájú packet tó ń gbé ìròyìn drive, kò tilẹ̀ lo àdírẹ́ẹ̀sì IP fún un. EtherNet/IP ń gba TCP lórí pọ́ọ̀tù 44818 fún ìbéèrè àti ìdáhùn, ó ń gba UDP lórí pọ́ọ̀tù 2222 fún ìròyìn tó ń lọ tó ń bọ̀ láìdáwọ́ dúró. Modbus TCP ń gba pọ́ọ̀tù 502. Kò sí èyí tó máa ṣi ìkejì gbọ́ níbẹ̀.

Èmi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Modbus orí RS-485, irú wáyà kan tí kì í ṣe Ethernet. Modicon ló ṣe Modbus jáde ní 1979, ó sì ṣì wà níbi gbogbo títí dòní. Lẹ́yìn náà la bọ́ sórí PROFIBUS, kébù aláwọ̀ àlùkò, tí wọ́n máa ń tan resistor ní ìparí wáyà méjèèjì. Nígbà yẹn, tí o bá dárúkọ Ethernet nínú ilé iṣẹ́, àwọn àgbà á mi orí. Ìdí tí wọ́n fi ń mi orí ni pé lórí Ethernet àtijọ́, ẹ̀rọ méjì lè sọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ wọn á forí gbárí, oníkálukú á wá dúró fún àkókò tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ tẹ́lẹ̀ kó tó tún un sọ. Ẹ̀rọ tó ń yí mọ́tò ò lè fara da irú ìyẹn. Nígbà tí switch dé, tí oníkálukú ní wáyà tirẹ̀ láti sọ àti láti gbọ́, ìforígbárí yẹn tán. Ohun tó kù ni ìlà tí packet ń tò sí nínú switch. Ibẹ̀ ni kí o lọ wò, àti ara wáyà. Ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ èdè rárá.

Ọ̀gbẹ́ni_Switch

Mo fara mọ́ ohun tí Ẹ̀gbọ́n sọ. Ọmọ_Àgbárá, jọ̀wọ́ sọ fún wa: irú switch wo ni? Ṣé ó ní ojú-ewé tí ẹ lè fi kọ̀ǹpútà wọ̀ láti tún un ṣe, àbí èyí tí wọ́n kàn ń ki wáyà bọ̀ lásán? Ibo ló ti ń gba iná? Kébù wo ni wọ́n fi so ẹ̀rọ méjèèjì, ibo ló sì gbà kọjá?

Ọmọ_Àgbárá

Ẹ ṣé o. Switch oníke kékeré ni, irú ti ọ́fíìsì, olójú-ihò mẹ́jọ. Kò ní ojú-ewé kankan. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri ló ti ń gba iná. Kébù rẹ̀ jẹ́ eléérú ti ọ́fíìsì, wọ́n sì dì í mọ́ àwọn wáyà tó ń gbé iná lọ sí mọ́tò lórí atẹ́ kan náà.

Ọ̀gbẹ́ni_Switch

Ó ti yé mi. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀ o, èmi á sọ ti switch, kí àwọn tó mọ kébù sọ ti kébù.

Ní EtherNet/IP, ẹ̀rọ tó ń rán ìròyìn sí PLC lè rán an sí ẹnì kan ṣoṣo, ó sì lè rán an ní multicast, ìyẹn ni pé kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ máa gbọ́. Àwọn ẹ̀rọ tuntun sábà máa ń lo ti ẹnì kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n multicast ṣì pọ̀ káàkiri. Switch tó mọ iṣẹ́ máa ń wádìí ẹni tó fẹ́ gbọ́, á sì darí multicast sọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyẹn nìkan. Irú switch tiyín yẹn kò mọ̀, ṣe ló máa da gbogbo rẹ̀ sí ojú-ihò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ẹ wo ìṣirò yìí: tí ẹ̀rọ kan bá ń rán ìròyìn ní gbogbo 2 ms, ìyẹn ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, packet 500 ló ń jáde lára òun nìkan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá tó mẹ́wàá, 5,000 ni. Àwọn drive Siemens tí lébẹ́ẹ̀lì ò kàn á máa gba gbogbo rẹ̀, wọ́n á máa yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á máa jù ú nù, packet PROFINET tí wọ́n ń dúró dè á sì wà lẹ́yìn nínú ìlà. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe drive kan náà ló ń sọnù.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ dán an wò. Fi láptọ́ọ̀pù tó ní Wireshark (sọfítíwíà tó ń fi packet hàn) sí ojú-ihò tó ṣófo lára switch náà, kí o kọ `udp.port == 2222` sí ibi asẹ́ (filter) rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù rẹ kò béèrè ìròyìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí náà kò yẹ kí o rí nǹkan kan. Tí o bá rí i tí packet ń ya wọlé, tí àdírẹ́ẹ̀sì ibi tí wọ́n ń lọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 239.192, o ti mú olè náà.

Switch tí ẹ máa rà gbọ́dọ̀ ní IGMP snooping (ìwádìí ẹni tó fẹ́ gbọ́ multicast tí mo sọ yẹn), kó ní VLAN (pípín switch kan sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀), kó sì máa bọ̀wọ̀ fún nọ́ńbà ipò tó wà lára packet. PROFINET máa ń fi ipò 6 sára tirẹ̀, ní orí ìwọ̀n 0 sí 7, kí ó lè ṣáájú. Ẹ ya ẹ̀rọ ìrọgò sí VLAN tirẹ̀, ẹ ya lébẹ́ẹ̀lì sí tirẹ̀, kí kámẹ́rà wà lọ́tọ̀ tó bá ṣeé ṣe. Ẹ rántí pé ìròyìn PROFINET kì í gba inú router kọjá, nítorí náà PLC àti àwọn drive rẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ wà nínú VLAN kan náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ rèé: wọ́n á tan IGMP snooping, inú wọn á dùn, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lébẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Snooping nílò ẹnì kan tó ń béèrè lóòrèkóòrè pé, “Ta ló ṣì ń gbọ́?” Ní ọ́fíìsì, router ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀rọ, kò sábà sí router, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ yan switch kan kí ó jẹ́ querier. Ẹ má gbàgbé èyí o, mo bẹ̀ yín.

Arábìnrin_Drive

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo ń bá drive àti servo (mọ́tò tó ń dúró gẹ́lẹ́ níbi tí a bá ní kó dúró) ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ti apá ibẹ̀ wá.

Àbúrò mi, kọ́kọ́ mọ bí sùúrù PLC rẹ ṣe pọ̀ tó. Ní PROFINET, tí ẹnikẹ́ni ò bá yí i padà, ìgbà mẹ́ta ni ìròyìn drive lè pẹ́ kí PLC tó sọ pé drive ti sọnù. Tí àkókò ìròyìn bá jẹ́ 2 ms, 6 ms péré nìyẹn. Ojú ò tíì ṣẹ́ tán tó fi kọjá. Àwọn kan á sọ fún ọ pé kí o kàn gbé e sókè kí wàhálà lè lọ. Má ṣe bẹ́ẹ̀ fún drive tó ń gbé ìgò lọ, nítorí ìwọ̀n àkókò yẹn náà ni drive á fi máa yí láìgbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n lọ wo àwọn tó kù. Mo ti bá ẹ̀rọ pàdé tí sẹ́ńsọ̀ tó ń ka ìgbóná inú táńkì ń ránṣẹ́ ní gbogbo 1 ms. Ìgbóná omi inú táńkì ò lè yí padà láàárín 1 ms. Ẹ fún irú wọn ní 64 ms tàbí 128 ms, ìlà inú switch á dín kù kíá.

Lẹ́yìn náà, wọ inú ìwádìí ojú-ihò lórí S7-1500, wo nọ́ńbà àṣìṣe lára ojú-ihò kọ̀ọ̀kan. Tí packet bá ń dé ní jíjẹrà, tí CRC (iye packet tó bàjẹ́ lọ́nà) ń pọ̀ sí i, kébù ni, tàbí orí kébù, tàbí ariwo iná. Tí packet bá dára ṣùgbọ́n tí wọ́n ń jù wọ́n nù nítorí àyè ò sí, èrò ló pọ̀ jù. Ìwádìí kékeré yìí máa ń fi ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn sílẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà.

Kébù yín ń kọ́? Kébù ọ́fíìsì tí kò ní ìbora irin, tí wọ́n dì mọ́ wáyà mọ́tò tó ń jáde láti inú drive, kò bọ́gbọ́n mu rárá. Drive kì í rán iná tó tẹ́jú lọ sí mọ́tò, ṣe ló ń gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, gígé yẹn sì ń pariwo sínú gbogbo wáyà tó bá wà nítòsí. Ẹ lo kébù PROFINET aláwọ̀ ewé, èyí tó ní ìbora. Wáyà mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: yẹ́lò àti ọsàn fún ẹsẹ̀ 1 àti 2, funfun àti búlúù fún ẹsẹ̀ 3 àti 6. Ẹ so ìbora náà mọ́ earth ní ìparí méjèèjì. Mo máa ń fi ó kéré tán 20 cm sáàárín òun àti wáyà mọ́tò, tí wọ́n bá sì gbọ́dọ̀ kọjá lórí ara wọn, kí wọ́n gé ara wọn bí àgbélébùú. Ibi tó ń yí padà yípo lára ẹ̀rọ, ẹ ra irú èyí tí wọ́n ṣe fún yíyí. Èyí tí wọ́n ṣe fún ara ògiri á ṣẹ́ nínú láìjẹ́ pé ojú rí i.

Ẹ sì ń fọ ẹ̀rọ ìrọgò, àbí? Orí RJ45 lásán kò gbọdọ̀ wà níbi tí omi ìfọṣọ ti ń ta sí i. M12 ló yẹ níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń yí bí ìdè.

Ẹ̀gbọ́n_Pánẹ́ẹ̀lì

Arábìnrin, o ṣeun gan-an. Kí n fi ti earth àti àrá kún un, nítorí ìhà ọ̀dọ̀ wa ni àbúrò wà, òjò sì ń bọ̀. Kébù bàbà kò gbọdọ̀ jáde láti ilé kan lọ sí ilé mìíràn. Tí mítà bá wà ní ilé jẹnẹrétọ̀, tí PLC wà ní gbọ̀ngàn, earth ilé méjèèjì lè máà bára mu, iná á sì máa gba ìbora kébù kọjá láti ilé kan sí èkejì. Ọjọ́ tí àrá bá sán nítòsí, switch, mítà àti kámẹ́rà á jọ lọ. Fiber ni kí ẹ gbé láti ilé dé ilé. Ó tún yanjú ọ̀rọ̀ 100 mita, nítorí kébù bàbà kò gbọdọ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ láti switch dé ẹ̀rọ.

Ti sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri yẹn tún wà níbẹ̀. Nígbà tí iná ìjọba bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ bá fẹ́ gbà á, switch yín á kú, á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Switch tí ó ní ojú-ewé lè lo ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó jí dáadáa. Ẹ fún un ní 24 V láti inú pánẹ́ẹ̀lì PLC, kí ẹ sì fi bátìrì 24 V sẹ́yìn rẹ̀, kí òun àti PLC jọ dúró nígbà tí iná bá ń pààrọ̀.

Oníṣẹ́_Birmingham

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ láti Birmingham. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, a ń ṣe nǹkan tí wọ́n ń fi sára ọkọ̀, mo sì máa ń wà níbi tí wọ́n ti ń yan ẹ̀rọ tí wọ́n máa rà. Mo gbà pé kí wọ́n má tú ohun tó wà ká. Ṣùgbọ́n mo ní ohun kan láti sọ fún ọ̀gá tó fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan: ìwé tí ẹ fi ń ra ẹ̀rọ ni ibi tí ẹ ti máa ṣe é. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀rọ tuntun gbọ́dọ̀ máa sọ èyí tí ẹ ti ní òye rẹ̀, kí ẹni tó tà á sì fún yín ní fáìlì tó ń ṣàpèjúwe ẹ̀rọ náà fún PLC, ìyẹn GSDML bó bá jẹ́ PROFINET, tàbí EDS bó bá jẹ́ EtherNet/IP, pẹ̀lú program PLC láìtì í pa.

Tí ẹ bá ra ẹ̀rọ tó ní servo púpọ̀ lọ́jọ́ iwájú, ó ṣeé ṣe kí EtherCAT wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì mọ bó ṣe yàtọ̀. Beckhoff ní Jámánì ló gbé e jáde ní 2003. Packet kan máa ń jáde láti PLC, á gba inú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kọjá, oníkálukú á mú tirẹ̀ á sì fi tirẹ̀ sí i nígbà tí packet ń kọjá lọ, láìdúró. Wọ́n fi hàn pé servo 100 lè gba ìròyìn wọn láàárín 100 µs, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá 1 ms. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ switch lásán láàárín àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ o. Ẹ má fi kámẹ́rà tàbí mítà sórí wáyà EtherCAT láéláé. PLC á ní ihò Ethernet mìíràn fún ìyẹn.

PROFINET náà ní irú ti servo, tí wọ́n ń pè ní IRT, tó nílò switch tó mọ̀ ọ́n. Tí ẹ kò bá ní servo tó gbọ́dọ̀ jọ yí bákan náà, RT, ìyẹn PROFINET lásán, ti tó.

Ẹ̀gbọ́n_Pánẹ́ẹ̀lì

Àbúrò Birmingham, ọ̀rọ̀ rẹ dára, ṣùgbọ́n níbí, ẹ̀rọ tó délé ni ọ̀gá ń rà. Tòkunbọ̀ ni, ẹni tó tà á ti ta á tán, kò sẹ́ni tó máa kọ ìwé sí. Ohun tí èmi máa fi yan ni èyí tí mo lè rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà ní Èkó lọ́la, tí mo sì ní ẹni tó lè tún un ṣe lóru. Protocol tó yá jù lọ kò wúlò tí drive rẹ̀ bá máa gba oṣù méjì kó tó dé.

Oníṣẹ́_Birmingham

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ o. Níbi tí ẹ̀rọ tuntun bá ti wọlé ni mo ṣì rọ̀ mọ́ tèmi, torí àbúrò sọ pé tuntun ni ti lébẹ́ẹ̀lì.

Ọmọ_Àgbárá

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè mìíràn: báwo ni ẹ̀rọ ìrọgò àti ti lébẹ́ẹ̀lì á ṣe máa gbọ́ra wọn? Ti lébẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ mọ̀ nígbà tí ìrọgò bá dúró, kó sì mọ bó ṣe ń yára tó.

Ẹ̀gbọ́n_Pánẹ́ẹ̀lì

Fún “dúró” àti “máa lọ”, wáyà relay mẹ́rin, 24 V. Kò ní àdírẹ́ẹ̀sì IP, ẹnikẹ́ni tó ní mítà lọ́wọ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò lóru. Fún bó ṣe ń yára àti iye ìgò, Modbus TCP tó. S7-1500 ti ní block (apá program tí wọ́n ti kọ sílẹ̀) MB_CLIENT àti MB_SERVER nínú sọfítíwíà rẹ̀. Ní ti CompactLogix, Rockwell ní àpẹẹrẹ block tí ẹ lè kó wọlé. Tí ìròyìn tí ẹ fẹ́ pàṣípààrọ̀ bá pọ̀, ẹ ra àpótí ògbufọ̀. Àwọn HMS ti Sweden ń ṣe Anybus tó jẹ́ ẹ̀rọ PROFINET lápá kan, tó sì jẹ́ ẹ̀rọ EtherNet/IP lápá kejì.

Bọ́tìnnì pàjáwìrì kò gbọdọ̀ gba Modbus kọjá. Wáyà àti relay ààbò ni kí ẹ lò, tàbí PROFIsafe àti CIP Safety (protocol ààbò ti PROFINET àti ti EtherNet/IP) níbi tí PLC ààbò bá wà. Ọwọ́ ènìyàn ló wà níbẹ̀.

Arábìnrin_Drive

Kí n fi èyí kún Modbus, nítorí ó máa jẹ yín lọ́gbọ́n tí ẹ bá ń ka mítà iná. Ìwé mítà lè kọ register (ibi tí ẹ̀rọ ń fi nọ́ńbà pamọ́ sí) 40001, kí ó jẹ́ pé 0 ni ẹ máa fi béèrè. Nọ́ńbà ńlá máa ń wà nínú register méjì, àwọn kan á fi apá ńlá ṣáájú, àwọn kan á fi apá kékeré ṣáájú. Tí ẹ bá rí i pé jẹnẹrétọ̀ yín ń mú iná tó tó ti gbogbo ìlú Èkó wá, ẹ yí ipò register méjèèjì padà kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Ẹ sì ka wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, títí dé 125 register nínú ìbéèrè kan, dípò kí ẹ máa béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ìkejì tó fún mítà.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìbàdàn

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo wà ní poly, a ò ní PLC tó pọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́. Kí ni mo lè fi kọ́ nǹkan wọ̀nyí?

Ọ̀gbẹ́ni_Switch

Kọ̀ǹpútà kan ti tó láti bẹ̀rẹ̀. OpenPLC wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń sọ Modbus TCP. CODESYS náà wà, tí o bá gbé e sórí kọ̀ǹpútà rẹ tàbí Raspberry Pi láìsan owó, á ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì, á dúró, o lè tún un tan. Tan Wireshark, máa wo packet kọ̀ọ̀kan tó ń lọ tó ń bọ̀. Lórí Modbus, wàá rí nọ́ńbà iṣẹ́ 3 nígbà tó bá ń ka register, 16 nígbà tó bá ń kọ ọ́ sí i. Tí o bá lè ka packet kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, o ti ju ọ̀pọ̀ ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ lọ. Má fi ìyẹn ṣeré.

Nígbà tí mo wà lórí Modbus: kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹnikẹ́ni tó bá dé pọ́ọ̀tù 502 lè kọ ohun tó bá wù ú sínú PLC, PLC á sì gbà. Ọmọ_Àgbárá, ṣé switch yẹn kan nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì? Ṣé ẹni tó ta lébẹ́ẹ̀lì fi modem síbẹ̀ kó lè máa wọlé láti òkèèrè? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ yọ ọ́ lónìí, ẹ fi firewall àti VPN sáàárín, kí ẹ sì máa tan án nígbà tí ẹ bá pè é nìkan. Ẹ̀yin rántí Stuxnet, fáírọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà kan, ní 2010, ó gba inú USB wọ ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ò dé, ó sì ba ẹ̀rọ ìyàsọ́tọ̀ uranium jẹ́ ní Natanz ní Iran. Láptọ́ọ̀pù tí ẹ fi ń ṣe program PLC, ẹ má fi wo fíìmù, ẹ má sì jẹ́ kí fláàṣì àjèjì wọ inú rẹ̀.

Ọmọ_Àgbárá

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo padà wá pẹ̀lú ìròyìn.

Wireshark fi hàn bí Ọ̀gbẹ́ni_Switch ṣe sọ, packet 239.192 ń ya wọlé bí omi. Ọ̀gá gbà kí a ra switch tó ní ojú-ewé. A ya VLAN sọ́tọ̀, a tan IGMP snooping, a sì fi querier sí i. Drive ò sọnù nígbà tí iṣẹ́ ń lọ mọ́. Ojú-ihò kan ṣoṣo ló ṣì ń ka CRC, kébù eléérú ló sì wà níbẹ̀. Aláwọ̀ ewé ti wà níbẹ̀ báyìí, a sì gbé e kúrò lórí atẹ́ wáyà mọ́tò.

Ó ṣì dúró nígbà tí iná yí sí jẹnẹrétọ̀, títí a fi gbé switch bọ́ sórí 24 V inú pánẹ́ẹ̀lì. Bátìrì rẹ̀ ò tíì dé. Ọ̀gá tún béèrè bóyá kí a so wáyà ẹ̀rọ ìrọgò ní òrùka kí ó lè máa ṣiṣẹ́ tí kébù kan bá já.

Arábìnrin_Drive

Inú mi dùn gan-an. Òrùka dára, ṣùgbọ́n ẹ ka èyí kí ẹ tó ṣe é. Òrùka PROFINET ń lo MRP, ẹ̀rọ 50 ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì lè gbà tó 200 ms kí ọ̀nà kejì tó ṣí nígbà tí kébù bá já. Sùúrù PLC yín lórí drive jẹ́ 6 ms tí àkókò ìròyìn bá jẹ́ 2 ms. Ìrọgò á ṣì dúró nígbà tí kébù bá já, àǹfààní ibẹ̀ ni pé tí ẹ bá tẹ reset, iṣẹ́ á máa lọ, ẹ ó sì rí àyè tún kébù ṣe lọ́jọ́ ìtọ́jú. Tí lébẹ́ẹ̀lì bá ní DLR, òrùka ti EtherNet/IP nìyẹn, ó ń ṣe é láàárín 3 ms fún ẹ̀rọ 50. Ẹ má so òrùka kankan láìtan MRP tàbí DLR lórí gbogbo ẹ̀rọ inú rẹ̀ o. Packet á máa yí po láìdúró, gbogbo nǹkan á sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun kan tó ṣe pàtàkì ju òrùka lọ: drive tuntun kì í ní orúkọ PROFINET nínú. Kọ orúkọ drive kọ̀ọ̀kan sórí rẹ̀, lẹ́tà kékeré nìkan, láìsí àyè láàárín. Tí ẹ bá ya àwòrán bí wáyà ṣe so mọ́ra sínú project PLC, PLC á fi aládùúgbò rẹ̀ mọ̀ ọ́n, á sì fún drive tuntun ní orúkọ fúnra rẹ̀, láìlo láptọ́ọ̀pù. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ drive ní aago méjì òru máa gbàdúrà fún ọ.

Ọ̀gbẹ́ni_Switch

Kí o tó sùn lónìí, gba fáìlì ìtòlẹ́sẹẹsẹ switch yẹn sílẹ̀, kí o fi í sí ibi méjì. Bí switch bá kú, èyí tó máa rọ́pò rẹ̀ kò mọ VLAN, kò sì mọ querier.

Ọmọ_Àgbárá

Mo ti gbà á. Ọ̀kan wà lórí láptọ́ọ̀pù, ọ̀kan wà nínú fláàṣì inú pánẹ́ẹ̀lì, mo sì kọ ọjọ́ sí i lára. Bátìrì náà á dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.